Ọjọ́ Orí Ìdákọ̀ró Kì Í Ṣe Ọjọ́ Òfo

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun káàkiri àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru, ó sì tún fìdí múlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn tó ń wò wọ́n láti òkèèrè: pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá lò lórí ìdákọ̀ró jẹ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ohunkóhun. Ọkọ̀ onígbòkun ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ta aṣọ fífẹ̀ sára òpó rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í lọ. Ìdákọ̀ró sì ni irin eléèékánná tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ omi, tí yóò wọnú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, tí yóò fi ẹ̀wọ̀n tàbí okùn di ọkọ̀ mú kí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi má baà gbé e lọ. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó di èrò yìí mú pín sí. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn tó ń polówó ìrìnàjò ìgbafẹ́, tí àwòrán wọn kò ju omi mímọ́ gaara, ibùsùn tí wọ́n so rọ̀ sára òpó ọkọ̀ àti ẹni tó sùn sínú rẹ̀ lọ. Lójú tiwọn, àìṣe ohunkóhun yìí gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn atukọ̀ tó gbà pé ojú agbami nìkan ni a ti ń mọ akọni, tí wọ́n sì ka gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró sí ọjọ́ tó ṣòfò. Ohun tí ẹgbẹ́ kìíní ń yìn ni ẹgbẹ́ kejì ń bú, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́, ìyẹn ni pé nígbà tí ìdákọ̀ró bá ti kanlẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Èrò náà kò tọ̀nà, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì kéré. Ìfarabalẹ̀ tó wà nínú ọjọ́ orí ìdákọ̀ró jẹ́ èso ìṣọ́ra: ojú tó là sí ìsàlẹ̀ omi, ojú tó là sí ìrísí ọ̀run, àti ojú tó là sí àwọn tó ni etí omi náà ló ń bí i, ibi tí ojú wọ̀nyí bá sì ti pa dé, ìfarabalẹ̀ náà kì í pẹ́ di jàǹbá fún ọkọ̀, fún òkun tàbí fún ọmọ onílé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ojú ni atukọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró fi ń sinmi. Ẹni tó bá ya ìsinmi yìí kúrò lára ìṣọ́ tó bí i ti ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì yẹ kí ó yà á lẹ́nu bí ọmọ náà kò bá yè.

Àwọn erékùṣù Grenadines, tó tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín Saint Vincent àti Grenada ní apá ìlà-oòrùn Òkun Kàríbíánì, ni ibi tó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí àwọn olùpolówó fẹ́ràn jù lọ láti ya àwòrán wọn. Láàárín wọn ni Tobago Cays wà, ìyẹn erékùṣù kéékèèké márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò gbé: Petit Rameau, Petit Bateau, Baradal, Jamesby àti Petit Tabac. Òkìtì iyùn kan tó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin, tí wọ́n ń pè ní Horseshoe Reef, ló dáàbò bo ibi tí àwọn ọkọ̀ ń dúró sí; òkìtì iyùn ni ògiri abẹ́ omi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun fi ohun líle tó ń jáde lára wọn mọ láti ọdún gbọọrọ. Bí ènìyàn bá fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, kò ní kan ilẹ̀ kankan títí yóò fi dé etí òkun Áfíríkà. Nítorí náà, ìgbì Àtìláńtíìkì tó rìn láti ọ̀nà jíjìn wá ń fọ́ sára iyùn, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì tẹ́jú bí omi inú agbada, ṣùgbọ́n iyùn tó dá ìgbì dúró kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró, torí pé kò yọ sókè ju ojú omi lọ. Ọkọ̀ tó dà bíi pé ó ń tòògbé nínú àwòrán, afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 45 ní wákàtí kan ló ń fà á tọ̀sán-tòru, ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró rẹ̀ sì le gbagidi. Àwòrán kì í fi afẹ́fẹ́ hàn, ibẹ̀ sì ni irọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ni, èyí tó ń fẹ́ láti ìhà Áfíríkà lọ sí ìhà Amẹ́ríkà jálẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, òun ló gbé àwọn ọkọ̀ oníṣòwò àti àwọn ọkọ̀ ẹrú kọjá ní ayé àtijọ́, òun náà ló sì ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà sọdá òkun títí tí ojú ọ̀run Kàríbíánì yóò fi ṣú bàìbàì bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ dúró níbi tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe kí ó tó ju irin sómi. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìsàlẹ̀ omi ni atukọ̀ ń wò kí ó tó ju ìdákọ̀ró. Nínú omi Grenadines, àwọ̀ ni ìwé tí ó ń kà: ibi tí omi ti dúdú bí aró jìn, ibi tí ó ti ní àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ yanrìn tí omi tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ jẹ́ orí iyùn, àbàwọ́n tó ṣókùnkùn sì lè jẹ́ koríko abẹ́ òkun. Ìwé yìí kò ṣeé kà àfi nígbà tí oòrùn bá ga, tó sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń wò, torí náà atukọ̀ tó gbọ́n máa ń ṣètò kí òun dé kí oòrùn tó rọlẹ̀, ẹnìkan á sì dúró sí iwájú ọkọ̀ láti máa fọwọ́ júwe ọ̀nà. Ẹni tó pẹ́ kó tó dé, tí oòrùn aṣálẹ́ sì ń ta sí lójú, kò rí nǹkan kan ju dídán omi lọ.

Lẹ́yìn yíyan ibi ni ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró fúnra rẹ̀ kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo rẹ̀ ló ń mú ọkọ̀ dúró, bíi pé òkúta ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12 ì bá nílò irin tí apá kò lè ká. Inú wíwọlẹ̀ ni agbára ìdákọ̀ró wà: ìdákọ̀ró tó dára a máa walẹ̀ bí ọkọ́ bí wọ́n bá ti ń fà á, bí wọ́n bá sì ti ń fà á sí i ni yóò máa rì sí i. G. I. Taylor, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé mọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń dàrú bí wọ́n bá ń ṣàn, tó sì tún jẹ́ atukọ̀ onígbòkun, ló ṣe ìdákọ̀ró tí wọ́n ń pè ní CQR ní ọdún 1933, ó sì fi ìrísí ohun ìtúlẹ̀ oko ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú dídúró lójú kan ronú lórí èyí, pé ọ̀kan lára àwọn ọlọ́gbọ́n ọ̀rúndún tó kọjá ka ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń dúró sí ìbéèrè tó tó fún òun láti ronú lé lórí.

Ìdákọ̀ró kò sì lè wọlẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n bá ń fà á sókè. Ó gbọ́dọ̀ fà á gbọọrọ lórí ilẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí àwọn atukọ̀ fi ń tú ẹ̀wọ̀n tó gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi sílẹ̀, ó kéré tán, tí wọ́n sì ń fi kún un bí ó bá jẹ́ okùn ni wọ́n lò tàbí bí ẹ̀fúùfù bá ń bọ̀. Bí omi bá jìn ní mítà 5, tí iwájú ọkọ̀ sì ga ju ojú omi lọ ní mítà 1, mítà 6 ni wọn yóò kà, ẹ̀wọ̀n tí wọn yóò tú sílẹ̀ á sì jẹ́ mítà 30. Ọkọ̀ náà yóò wá máa yí ká ibi tí ìdákọ̀ró wà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, àyè tó sì nílò láti yí yóò fẹ̀ ju bí ojú ṣe rò lọ. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìdákọ̀ró yóò fi mú, wọ́n á wo ohun méjì lórí ilẹ̀ tó wà ní ìlà kan náà, bí igi àgbọn kan àti orí òkè kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì kíyè sí i bóyá ìlà náà dúró. Wọ́n á so okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀wọ̀n kí ó lè máa fà kí ó sì máa sún, kí ọkọ̀ má baà máa já ara rẹ̀ gbà bí ẹran tí wọ́n fà lókùn lójijì. Níkẹyìn, ẹnìkan á wọ awò abẹ́ omi, á sì bẹ́ sódò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ẹni tó bẹ́ sódò yìí ń wò, torí òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ẹ̀wọ̀n láti iwájú ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n náà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, ó fara kan yanrìn, ó sì wọ́ lọ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ipa tó fà sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní ìparí rẹ̀, bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, èékánná irin náà ti wọlẹ̀ pátápátá, kìkì ọrùn rẹ̀ ló yọ díẹ̀, yanrìn sì wú bí ebè kékeré níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí yóò rí ni ìdákọ̀ró tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkúta pẹlẹbẹ tí yanrìn fẹ́lẹ́ bò, tí kò mú ohunkóhun, tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n tó wúwo nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tíì le. Láti orí ọkọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì: ọkọ̀ dúró, omi dákẹ́, oòrùn ń wọ̀. Ẹni tó rí ti àkọ́kọ́ lè sùn. Ẹni tó rí èkejì gbọ́dọ̀ ká ẹ̀wọ̀n kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò sì bẹ́ sódò rárá, àfi kí ó máa sùn bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Oorun irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìsinmi, bí ó ti wù kí ó gùn tó.

Àwọn atukọ̀ agbami tó ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú dídúró yóò dáhùn pé ọ̀ràn yìí kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí, pé agbami ló ń pa ọkọ̀, pé èbúté kò pa ẹnikẹ́ni. Ìtàn Bernard Moitessier já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé yìí kópa nínú ìdíje àdánìkàntukọ̀ yí ayé ká ti ọdún 1968 sí 1969. Ó ti kọjá Cape Horn ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù, ìrètí púpọ̀ sì wà pé ẹ̀bùn yóò jẹ́ tirẹ̀, kí ó tó pa ìdíje náà tì, tó sì ń tukọ̀ lọ títí ó fi dé Tahiti lẹ́yìn tó ti yí ayé ká ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ láìdúró. Joshua, ọkọ̀ irin rẹ̀, fara da àwọn omi tó burú jù lọ láyé. Síbẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni Moitessier ti pàdánù ọkọ̀ náà. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1982, Joshua wà lórí ìdákọ̀ró ní Cabo San Lucas lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní etí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó tẹ́jú, tí àwọn ọkọ̀ onígbafẹ́ rọ́ sí, tí wọ́n sì fún mọ́ra wọn nítòsí ilẹ̀. Ìjì kan dé láti ìhà tí ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ sí òkun, ìdákọ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ nílẹ̀, ọkọ̀ ń kọlu ọkọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ọkọ̀ tó lé ní ogún ló ti gúnlẹ̀ sórí yanrìn, Joshua sì wà lára wọn. Atukọ̀ tí agbami kò rí gbé ṣe, èbúté tó dákẹ́ ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún sọ pé iṣẹ́ parí nígbà tí ìdákọ̀ró bá kanlẹ̀?

Ìdí tí irú nǹkan báyìí fi ń ya ènìyàn lẹ́nu kò ṣòro láti ṣàlàyé. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bí ó bá sì di ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni. Ìdákọ̀ró tó dà bíi pé ó ti mú dáadáa ní ọ̀sán lè jẹ́ èyí tí a kò tíì dán wò rárá. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ ìgbàlódé ti tán ìṣòro yìí, pé fóònù tó ní GPS lè mọ̀ bí ọkọ̀ bá kúrò lójú kan, aago ìdágìrì rẹ̀ yóò sì ké. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ ló ń ké. Kò mọ̀ pé ìdákọ̀ró wà lórí òkúta, kò mọ̀ pé ọkọ̀ tó wà níwájú tú ẹ̀wọ̀n tó kúrú sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé ìkùukùu dúdú tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn ti gbé ẹ̀fúùfù òjijì dání. Òfin àgbáyé tó ń dènà ìkọlù ọkọ̀ lójú omi, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1972, mọ èyí dájú: ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣọ́nà nígbà gbogbo pẹ̀lú ojú àti etí, ó sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró gbé iná funfun tó ń tàn yíká sókè lóru, kí ó sì gbé ohun dúdú roboto bíi bọ́ọ̀lù kọ́ síwájú lọ́sàn-án. Òfin kì í gbé iṣẹ́ lé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́rùn.

Títí dé ibí yìí, ọkọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti kàn. Ṣùgbọ́n èrò pé ẹni tó dúró kò ṣe ohunkóhun tún gbé àṣìṣe mìíràn pọ̀n sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ẹni tí kò ṣe ohunkóhun kò lè ba ohunkóhun jẹ́. Ìdákọ̀ró tó bọ́ sórí iyùn lè fọ́ ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún láti dàgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀wọ̀n tó sì ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ ṣe ń yí yóò máa gbá ohun gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbálẹ̀ irin. Ìtàn koríko kan fi èyí hàn kedere. Halophila stipulacea ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ pè é. Koríko abẹ́ òkun kékeré ni, tí ewé rẹ̀ ń hù ní méjì-méjì, tí kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Òkun Pupa àti Òkun Íńdíà ni ilé rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ipa omi Suez ní ọdún 1869, ó rọra wọ Òkun Mẹditaréníà, ní ọdún 2002 sì ni wọ́n rí i ní Grenada, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò ròyìn rẹ̀ ní Kàríbíánì. Láti ìgbà náà ló ti ń gbilẹ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù. Ẹ̀ka rẹ̀ tó já kò kú. Yóò lẹ̀ mọ́ ìdákọ̀ró tàbí ẹ̀wọ̀n, ọkọ̀ yóò gbé e dé ìyawọlẹ̀ omi mìíràn, ìyẹn ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, yóò sì hù níbẹ̀.

Ohun tó mú kí èyí jẹ́ ọ̀ràn ni pé àwọn ìjàpá òkun tí àwọn àlejò ń wá wò láyìíká Baradal, níbi tí wọ́n ti pààlà sómi fún ààbò wọn, koríko ni oúnjẹ wọn, koríko ìbílẹ̀ tó gùn, tó fẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ láti ìrandíran. Ẹni tó fi ọ̀sán kan wo ìjàpá bó ṣe ń jẹun, tó yin Ọlọ́run nítorí ẹwà rẹ̀, tó sì gbéra lọ́jọ́ kejì láì fọ ìdákọ̀ró rẹ̀, lè jẹ́ ẹni náà gan-an tó gbé ohun tó ń lé koríko ìbílẹ̀ kúrò lọ sí erékùṣù tó kàn. Kò mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun, torí wọ́n ti sọ fún un pé ọjọ́ àìṣe ohunkóhun ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ènìyàn fi ń fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀wọ̀n bó ṣe ń jáde lódò, tó sì ń mú ewé kọ̀ọ̀kan kúrò kí ó tó gbéra, jẹ́ ara ìsinmi náà gẹ́gẹ́ bí fífọ abọ́ ti jẹ́ ara oúnjẹ jíjẹ.

Ojú kẹta tó yẹ kó là ni èyí tó ń wo àwọn ènìyàn. Ìpolówó fẹ́ràn láti sọ pé àwọn ìyawọlẹ̀ omi wọ̀nyí kò ní onílé, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Carriacou, erékùṣù Grenadines tó jẹ́ ti Grenada, àwọn ará abúlé Windward ti ń fi ọwọ́ kan ọkọ̀ onígi létí omi láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láìsí àwòrán lórí ìwé, nípa ojú àti ìrírí tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní ọdún 2023, àjọ àgbáyé UNESCO fi iṣẹ́ ọnà yìí sínú àkọsílẹ̀ àwọn àjogúnbá tó yẹ kí aráyé tọ́jú. Omi tí àlejò ń pè ní ibi ìgbafẹ́ ni ọ̀nà oko apẹja, ibi ìjùwọ̀n rẹ̀ àti pápá tí àwọn ọkọ̀ onígi ti ń díje ní Oṣù Kẹjọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ọmọ Yorùbá ju bí ó ṣe lè rò lọ, torí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wá ṣiṣẹ́ ní Grenada, ọ̀pọ̀ Yorùbá wà láàárín wọn, ìsìn Ṣàngó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ nípasẹ̀ wọn. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kì í ṣe àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ìtàn, àwọn kan nínú wọn sì lè jẹ́ ìbátan ẹni tó ń ka àròkọ yìí.

Àwọn wọ̀nyí náà ló mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Keje ọdún 2024, ìjì líle tí wọ́n pè ní Beryl, tó ń yí bí òkòtó, já lu Carriacou pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Ó ṣí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé ní erékùṣù Carriacou, Petite Martinique àti Union, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti sá pamọ́ sí àárín àwọn igi etí omi iyọ̀ ní Tyrrel Bay, ibi tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó jẹ́ ibi ààbò. Ogún ọdún ṣáájú, ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, ìjì mìíràn tí wọ́n pè ní Ivan ti fọ́ Grenada, èyí tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ gbà pé ó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ìjì. Àlejò tó rí ìyawọlẹ̀ omi gẹ́gẹ́ bí ibi òfo lè gbéra lọ lọ́jọ́ kejì ìjì. Ọmọ onílé ló ń ṣẹ́ pákó jọ. Nítorí náà, kíkí àwọn ará etí omi, bíbéèrè ibi tí apẹja ń ju àwọ̀n sí kí a tó ju ìdákọ̀ró, ríra ẹja àti èso lọ́wọ́ wọn dípò kí a kó gbogbo rẹ̀ wá láti ìlú ńlá, àti títẹ̀lé òfin wọn lórí àkókò tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa edé ńlá, kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọjọ́ orí ìdákọ̀ró. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, ohun tó kù kò ju kí ènìyàn wá jókòó sí àgbàlá onílé láìkí i.

Àtakò kan ṣì kù, òun ló sì lágbára jù lọ: bí ọjọ́ orí ìdákọ̀ró bá kún fún gbogbo èyí, níbo wá ni ìsinmi wà? Ṣé a kò ti sọ ìgbafẹ́ di oko mìíràn? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí Yorùbá ṣe mọ iṣẹ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń mú òógùn jáde. Ọdẹ tó gun ègùn, ìyẹn ibùjókòó tí ó fi igi kàn sókè láti máa ṣọ́ ẹran, lè má mira fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ń kọjá lábẹ́ igi lè pè é ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbẹ́ ló wà nínú etí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹyẹ lóko ìrẹsì jókòó ni, síbẹ̀ ẹni tó bá sọ pé kò ṣe ohunkóhun kò rí ìrẹsì rí. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ojú sì ní ẹ̀bùn kan tí iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà ní, pé bí ẹni tó ń ṣe é bá ti mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ ń sinmi nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti rí ìdákọ̀ró rẹ̀ nínú yanrìn, tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, tó sì ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ onílé, lè jókòó sábẹ́ ìbòjì aṣọ, kí ó ka ìwé, kí ó rán ìgbòkun tó ya, kí ó wo bí oòrùn ṣe ń yí àwọ̀ omi padà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, láìsí ìyọnu kankan lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣọ́ gba ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣọ́ ló fi rà á.

Èyí ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí. Àwọn tó ń ta ọjọ́ òfo ń ta ohun tí kò sí, àwọn tó ń bú u sì ń bú ohun tí wọn kò tíì ṣe rí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ọ̀gànjọ́ òru ni kí wọ́n wá wò ó lẹ́yìn Horseshoe Reef, nígbà tí ariwo ìgbì tó ń fọ́ sára iyùn kò dákẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń sú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú àwọn okùn òpó ọkọ̀. Obìnrin tàbí ọkùnrin kan dìde láti orí ibùsùn láìsí aago tó jí i, ó yọ orí síta, ó wo góńgó Petit Bateau àti iná funfun ọkọ̀ tó wà níwájú bóyá ìlà tí ó fi wọ́n sí ní ìrọ̀lẹ́ ṣì dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n, ó sì dúró jẹ́ẹ́: ẹ̀wọ̀n tó mú dákẹ́ lọ́wọ́, èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí otútù mú. Ẹ̀wọ̀n yìí dákẹ́. Ẹni náà padà sórí ibùsùn, ó sì sùn lọ kí ìgbì mélòó kan tó tún fọ́.